Ẹ má fi "r" dójú ti ọmọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ti ilé ìwé dé tòun ti omijé. Wọ́n ní kó ka "car park", ó kà á, tíṣà ní òun ò gbọ́ "r". Ó mú un dúró níwájú kíláàsì títí agogo fi dún, ó ní kó máa ká ahọ́n sẹ́yìn. Ọmọ yìí bi mí pé, "Màmá àgbà, ṣé ahọ́n mi ò dáa ni?"

Ó dùn mí wọra.

Bó ṣe pè é yẹn náà làwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè é. Láti ọdún 1791 ni John Walker ti kọ ọ́ sínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ pé ní Lọ́ńdọ̀nù, "card" ti ń di "caad". Káàdì tiwa rèé! Ẹ wo kọ́ọ̀tù, nọ́ọ̀sì, dókítà, pépà: "r" ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà nínú búrẹ́dì àti rédíò, torí fáwẹ̀lì ló tẹ̀ lé e, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì ń pè é. Èmi gbà pé etí àwọn bàbá wa gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Scotland àti Ireland ń pe "r" inú "car" yẹn, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà náà ń pè é. Ní 1962, onímọ̀ èdè kan, William Labov, wọ ilé ìtajà 3 ní New York, ó ń béèrè ọjà tó mọ̀ pé àjà kẹrin ni wọ́n ti ń tà á, kí wọ́n ṣáà lè dá a lóhùn pé "fourth floor". Níbi tí ọjà ti wọ́n jù ni "r" ti pọ̀ jù. Ẹ wá dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn England: ẹni tó bá pe "r" yẹn níbẹ̀, ará oko ni wọ́n máa ń fi pè. Lẹ́tà kan náà ni o. Kí ni tíṣà wá ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ sí?

N ò ní kí ọmọ tó fẹ́ pè é má pè é. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tíṣà ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lónírúurú, kẹ́ ẹ má sì mú ẹnikẹ́ni dúró nítorí rẹ̀.

Lálẹ́ àná, ọmọ yìí ń kàwé fún mi. Ó dé orí "farm", ó dákẹ́, ó wojú mi, kó tó pè é.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.