Lẹ́tà sí Mùlíkátù lórí oòrùn ojú òkun

Tanke, Ìlọrin
14 Oṣù Kẹrin, 2025

Mùlíkátù ọ̀rẹ́ mi,

Àsàláámù àláékúmù. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ṣé ara ọmọ tuntun le? Inú mi dùn púpọ̀ pé ẹ̀yin 14, láti orí Alhájì títí dórí ọmọ oṣù 4, lẹ fẹ́ jọ wọ ọkọ̀ òkun ní Miami lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje, kí ẹ gba San Juan ní Puerto Rico àti erékùṣù St. Thomas kí ẹ tó padà. Àlùbáríkà ni. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé ètò tí o fi ránṣẹ́, mo rí i pé ìgò sunscreen, ìpara tó ń dí oòrùn, mẹ́ta péré lo kọ sílẹ̀ fún gbogbo yín. Kò ní kọjá ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ èyí kúnnákúnnà.

Lọ́sẹ̀ yìí, oòrùn dúró gan-an lórí wa ní Ìlọrin. Tó bá di ọ̀sán gangan, òjìji èèyàn á kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú oòrùn yẹn lẹ máa bá ní St. Thomas, torí òpin oṣù keje ló ń gba orí erékùṣù yẹn kọjá. Níbí, ooru ló ń lé èèyàn sábẹ́ igi máńgòrò. Lórí òkun, atẹ́gùn ń fẹ́, ara tutù, kò sẹ́ni tó máa fura pé ara ń jó títí alẹ́ á fi lẹ́. Ìtànṣán tó ń jó awọ ara yàtọ̀ sí ooru. Àwọsánmà fẹ́ẹ́rẹ́ kì í dá a dúró. Ìfòofò òkun sì ń dá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ padà sójú èèyàn, iyanrìn gbígbẹ etí òkun ń dá nǹkan bíi 15 nínú 100 padà. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn pàápàá, oòrùn á ti ìsàlẹ̀ bá a.

Wo ti aago pẹ̀lú. Wọ́n máa ń sún aago Miami síwájú ní wákàtí kan lásìkò yẹn, nítorí náà nǹkan bí aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 25 ni ọ̀sán gangan wọn. “Aago 10 sí aago 4” tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ká fi sá fún oòrùn kò tó níbẹ̀. Ẹ fi í sí aago 10 sí aago 5. Ní St. Thomas, ọ̀sán gangan súnmọ́ aago 12 ààbọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò, kó wo òjìji rẹ̀: tó bá ti kúrú ju òun fúnra rẹ̀ lọ, kó wá ibòòji.

Àwọn ẹ̀gbọ́n á sọ pé “àwa èèyàn dúdú, kí ni oòrùn fẹ́ fi wá ṣe?” Òótọ́ ni pé dúdú ara wa ń ṣiṣẹ́. Lórí awọ tó dúdú dáadáa, ó tó nǹkan bíi SPF 13 (SPF ni òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí ìtànṣán tó ń jó ara tó). Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó fún odidi ọjọ́ lójú òkun. Ara dúdú kì í sábà pọ́n tó bá jó, kò sì jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀. Ó máa ń gbóná, ó máa ń fún, ó máa ń dunni tí aṣọ bá kàn án. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á bó, á sì fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá ń fi ìpara tó ní hydroquinone tàbí steroid bóra ti ba ààbò yẹn jẹ́ fúnra rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àǹtí rẹ ní kọ̀rọ̀, má bi wọ́n lójú ẹbí.

Aṣọ ni kó ṣáájú, ìpara á tẹ̀ lé e. Aṣọ kì í ṣàn lọ tí èèyàn bá làágùn, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aṣọ. Síngílẹ́ẹ̀tì funfun òwú tí àwọn ọmọ fi ń wọ omi kò dí oòrùn tó bẹ́ẹ̀, tó bá sì tutù, ó tún burú sí i. Ẹ ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ alápá gígùn tí wọ́n kọ UPF 50 sí. Ìyẹn kì í jẹ́ kí ju ẹyọ kan nínú 50 ìtànṣán kọjá. Fún aṣọ tó ti wà nílé, nà án sí gílóòbù: bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kedere, fi sílẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ dúdú tàbí búlúù tó jin ń dí i ju funfun irú kan náà lọ. Aṣọ òkè wa nípọn tó, àmọ́ ooru á pa ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, ti alẹ́ oúnjẹ ni kí ẹ mú un dání fún. Ẹ̀yin obìnrin tó ń lo ìbòrí ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà náà, torí ọrùn àti etí ti wà lábẹ́ aṣọ, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ ṣífọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ti fìlà ńkọ́? Fẹ́ẹ̀sìkáàpù tí àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn ń fi etí àti ẹ̀yìn ọrùn sílẹ̀, fìlà Alhájì kò sì ṣíji bo ojú rárá. Àkẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 yíká ni kí ẹ wá, kó ní okùn tí wọ́n á so sábẹ́ àgbọ̀n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn á gbé e jù sínú òkun lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ibòòji wà nínú ọkọ̀ bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa wá a sí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, ọ̀nà ìrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lábẹ́ àwọn ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà tí wọ́n gbé kọ́. Ibẹ̀ tutù, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀ bí ti ẹ̀bá adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ọkọ̀. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ń yí, ibòòji náà ń yí. Ẹni tó sùn sórí àga nínú ibòòji ní aago 11 lè jí sínú oòrùn. Ìdí fèrèsé náà kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ oòrùn, torí UVA, ọ̀kan lára ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, ń gba inú gíláàsì kọjá.

Ó wá kan ìpara. Bí wọ́n ṣe ń dán SPF wò ni pé wọ́n ń fi mílígíráàmù 2 sórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi tó ìdajì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó tí wọ́n sì ń bú ìpara. Àgbàlagbà tó bọ́ra láti lúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ lo ṣíbí tíì 7, ìyẹn mílílítà 35: ọ̀kan fún ojú, etí àti ọrùn, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú ara, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi sára ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n tún un fi ní wákàtí méjì-méjì, àti nígbàkigbà tí wọ́n bá jáde nínú omi tàbí tí wọ́n fi tówẹ̀lì nu ara.

Jẹ́ ká wá ṣírò ti yín. Bí àwọn ọmọ 4 bá wọ aṣọ alápá gígùn, 10 mílílítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́: 160. Ẹ̀yin géńdé 5, tí ẹ̀yin náà bá wọ aṣọ, 15 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin: 300. Alhájì, Màmá àti àǹtí yín, 5 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta: 45. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ àfín, 20 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún: 100. Àpapọ̀ jẹ́ 605 lójúmọ́, ọjọ́ 5 níta jẹ́ 3,025. Ìgò 13 oní mílílítà 237 nìyẹn. Bí ẹ̀yin géńdé bá bọ́ra sílẹ̀ pátápátá, tiyín nìkan á di 700 lójúmọ́. Ìwọ wo ohun tí aṣọ ń fi pamọ́ fún yín lápò.

Lára ìgò, wá “Broad Spectrum”, ìyẹn ni pé ó ń dí UVA àti UVB (èyí tó ń jó ara jù) pa pọ̀, torí SPF nìkan kò sọ nǹkan kan nípa UVA. SPF 30 ń dí nǹkan bíi 97 nínú 100 UVB, SPF 50 ń dí 98. Má san owó lé SPF 100. Wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ pé ó lè fi ṣiṣẹ́ nínú omi, 40 tàbí 80. Èyí tó ní 80 ni kí o mú. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni òfin St. Thomas àti àwọn erékùṣù US Virgin Islands yòókù: láti 2020, wọn kò gba kí ìpara tó ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene wọlé síbẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ tà á, nítorí iyùn inú òkun wọn. Ìpara oní zinc oxide ni kí ẹ rà fún gbogbo ìrìn àjò náà, kó má di pé ẹ ń ṣà á ní ibùdókọ̀. Mo mọ ohun tó ń bí yín nínú lára zinc: ó ń mú èèyàn rí bí ẹni fi ẹfun kunra. Wá èyí tí wọ́n po àwọ̀ mọ́, tí iron oxide wà nínú rẹ̀. Ó ń bá ara wa mu, iron oxide náà sì ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, èyí tó ń fa àbàwọ́n dúdú lójú àwọn obìnrin wa. Ti fífọ́n-ọ́n sára, fi í sílẹ̀: atẹ́gùn ojú òkun á gbé ìdajì rẹ̀ lọ, ìyókù á mú ilẹ̀ yọ̀.

Ibi tí wọ́n máa ń gbàgbé jù: etí, ẹ̀yìn ọwọ́, òkè ẹsẹ̀, ètè, àti ìlà orí àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó dirun ṣùkú, gbogbo ojú ìlà yẹn ni oòrùn ń bá. Ẹ fi ìpara onígi fà á gba ojú ìlà, tàbí kí wọ́n wé nǹkan. Àlùwàlá náà ń fọ ìpara kúrò lójú, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ìrun ọ̀sán sì bọ́ sí gẹ́lẹ́ ìgbà tí oòrùn le jù. Kí wọ́n ṣe àlùwàlá, kí wọ́n nu ara gbẹ, kí wọ́n kírun, kí wọ́n wá kun ara kí wọ́n tó tún jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ní ìrun alásàrí. Ìrun méjèèjì yẹn ló máa rán yín létí ju alámù fóònù lọ.

Mùlíkátù, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló jẹ mí lógún jù. SPF 13 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní in rárá. Aṣọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọrùn ọwọ́ àti kókósẹ̀, awò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ ojú ká, kí wọ́n kọ UV400 sí i, ìyẹn ni pé ó ń dí UVA àti UVB, torí awò dúdú lásán ń mú ẹyinjú là sí i láìdí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi í sílẹ̀ nínú yàrá nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré. Òun ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n ètò gbogbo ẹbí: kí gbogbo yín máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn aago 5, kí ọ̀sán jẹ́ ti oúnjẹ, eré inú ilé àti oorun. Ní San Juan, pápá iwájú odi El Morro ṣí sílẹ̀ gbalasa, kò ní igi. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ tètè wọ inú odi. Ní St. Thomas, etí òkun Magens Bay ní igi, abẹ́ wọn ni kí ẹ tẹ́ ẹní yín sí.

Ọmọ oṣù 4 kì í lo sunscreen. Kò tíì pé oṣù 6. Ibòòji, aṣọ fẹ́lẹ́ tó bo apá àti ẹsẹ̀, àti ọmú lóòrèkóòrè ni tirẹ̀. Ẹ má fi aṣọ bo kẹ̀kẹ́ ọmọ pátápátá, inú rẹ̀ á gbóná bí ààrò.

Wo paálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Bí o bá rí hydrochlorothiazide, ó ń mú kí ara tètè jó, ó sì ń fa omi jáde lára. Doxycycline tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò fún irorẹ́ ń jó ara bákan náà. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn Màmá dúró o; dókítà wọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù. Kí wọ́n máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Bí òòyì bá ń kọ́ wọn tàbí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba mọ́, ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Màmá á fẹ́ gbé òrí wá láti ilé. Kí wọ́n gbé e, ó dára fún ara lálẹ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò sunscreen. Ohun tó ń dí kéré jọjọ. Bí ara ẹnì kan bá jó, omi tútù ni àkọ́kọ́, kì í ṣe yìnyín. Kí ooru inú ara lọ tán kí wọ́n tó fi òrí sí i, torí ọ̀rá á há ooru mọ́nú. Ìléròrò, kí wọ́n má bẹ́ ẹ.

Ó ku ti ẹrù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀, wọ́n á gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá. Báàgì ọwọ́ ni kí ìgò méjì, àkẹtẹ̀ àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ wà. Nínú bàálù, ìgò tó bá ju mílílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, ẹrù abẹ́ bàálù ni kó wà. Má fi wọ́n sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ooru ń ba ìpara jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí oníkálukú fi díẹ̀ sí inú apá wò, kó má di pé ara ń yún èèyàn láàárín òkun.

Fi fọ́tò paálí oògùn Màmá àti Alhájì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àti àkókò tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù karùn-ún tó parí, màá bá ọ to ètò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bá mi kí Alhájì àti Màmá, kí o sì bá mi gbé ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàsírátù