Ìwé fírídọ̀m nìkan ò tó oníná

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Okun o, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Kàbà níbí, àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè wá sílé kan, NEPA ti mú iná lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gun àkàbà lọ síbi tí wáyà ti wọlé, ó yọ fíúsì o, ó fi sápò bí mo ṣe kọ́ ọ, tẹ́sítà tá a fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà nìkan ni kò fi kan wáyà kó tó dì í mú. Àṣé wọ́n so jẹnẹrétọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí ṣéńjófà tó ń ya iná NEPA àti ti jẹ́ẹ̀nì sọ́tọ̀, ni ẹnì kan nínú ilé bá fa jẹ́ẹ̀nì, iná bá gba ẹ̀yìn padà wá sínú wáyà tó dì mú. Ọmọ náà já bọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ó le bíi pọ̀mọ́, kò tiẹ̀ sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ yẹn ṣáá. Ó yè é, àmọ́ ìka méjì ò ká mọ́ títí dòní.

Ìgbà tí mo délé ni mo wá ṣí dúrọ́ọ̀. Ìwé NEMSA, àjọ ìjọba tó ń fún oníná níwèé àṣẹ, tèmi gan-an ti ẹkisipáyà, àwọn ọmọ ò sì ní tíréètì tẹ́ẹ̀sì, ìwé ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, kankan, àní grade 3 tó kéré jù pàápàá, ìwé fírídọ̀m nìkan ni. Òfin 2010 ní kí ọ̀gá máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, nítorí irú ọjọ́ báyìí, mi ò san kọ́bọ̀ rí. Ẹ̀bi mi ni, mi ò lè gbé e fún ẹlòmíì.

Ní báyìí mo ti so nótúbùkù kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, orúkọ kálukú wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ máa kú àti ohun tí mo ti kọ́ ọ nípa ààbò, òun fúnra rẹ̀ ló ń sáìnì, tó bá ti ku oṣù méjì a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ìwé tuntun.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ oníná àti wẹ́dà, láti Kàbà dé Mopa dé Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí fírídọ̀m ọmọ kankan mọ́ tí ò bá tíì ṣe tíréètì tẹ́ẹ̀sì. Kó sì kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan wáyà lójú yín.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá oníná kan, Kàbà