Abẹ́rẹ́ apakòkòrò kí ọ̀bẹ tó kan ara

Sí Olóòtú,

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ti àbúrò mi obìnrin tí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá nítorí fáíbírọ́ìdì. Nínú ìwé oògùn tí wọ́n ní kí a lọ rà, apakòkòrò ọjọ́ méje ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ; èyí tó yẹ kí wọ́n fún un kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ kò sí níbẹ̀ rárá, àfìgbà tí mo béèrè.

Àwọn kòkòrò kan ń gbé ojú ara obìnrin tí wọn kì í pa á lára. Nígbà tí dókítà bá gé ilé-ọmọ kúrò lára ojú ara ni wọ́n máa ń rí ọ̀nà wọ inú ikùn, bí wọ́n bá sì fìdí múlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀, ibà, ọyún àti ọgbẹ́ tí kò tètè jinná ló ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, oògùn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹran ara kí ọ̀bẹ tó débẹ̀. Cefazolin, apakòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan pẹnisílíìnì, gíráàmù 2, ni wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí kan ṣáájú. Bí iṣẹ́ náà bá kọjá wákàtí 4, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó dà nù ju lítà kan ààbọ̀ lọ, wọ́n á tún un fún. Kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílíìnì ti sọ ọ́ ṣáájú, nítorí oògùn mìíràn wà fún irú wọn.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn oníṣẹ́ abẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe fa apakòkòrò adènà yìí gùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ abẹ bá ti parí. Mo mọ ẹ̀rù tó ń mú kí àwọn dókítà wa kọ oògùn ọjọ́ méje, torí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí omi kò yọ, tí iná sì lọ. Síbẹ̀, oògùn ọjọ́ méje kò lè ṣe iṣẹ́ èyí tí wọn kò fún aláìsàn lákòókò, owó gọbọi ni, ó sì ń sọ kòkòrò di èyí tí oògùn kì í kápá mọ́.

Ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ tí Àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2008 ní ìbéèrè yìí nínú: ǹjẹ́ wọ́n ti fún aláìsàn ní apakòkòrò láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú tó kọjá? Mo bẹ àwọn ilé ìwòsàn wa pé kí wọ́n máa ka ìbéèrè náà sókè, kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn