Ta ni awọ ara tuntun kò kàn?

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí aláṣẹ ètò ìlera kan sọ lórí rédíò níbí l'Ábùjá lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú gidigidi. Ó ní pípa ìtọ́jú jíìnì (títún àbùkù àbímọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ara ṣe) pọ̀ mọ́ ìmọ̀ mímú ẹran ara hù nínú yàrá ìwádìí kò tíì kan Nàìjíríà. Ṣé àwọn tí ọkọ̀ epo jó ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa lọ́dún 2024 ni kò kàn ni, àbí àwọn ti oríta Dikko lẹ́bàá Suleja ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025?

Ọmọ aládùúgbò wa kan ní Kubwa ṣì wà nílé ìwòsàn. Kẹrosíìnì tí wọ́n pò mọ́ pẹtiróòlù ló jó o láyà. Wọ́n bó awọ itan rẹ̀ láti fi bo àyà, itan sì tún di egbò. Kí bándéèjì tó lè kúrò lójú egbò, àfi kí wọ́n fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ ló sì ń ra gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ní Bochum ní Jámánì lọ́dún 2015, àìsàn àbímọ́ ti bó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara ọmọ Síríà ọlọ́dún méje kan. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michele De Luca àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Modena, ní Ítálì, gba awọ bíńtín lára rẹ̀, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gba oró lẹ́nu rẹ̀ gbé ojúlówó jíìnì LAMB3, èyí tó ń jẹ́ kí awọ lẹ̀ mọ́ ara, wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n sì mú un hù títí ó fi tó bo ibi tó bó. Ọmọ náà padà sílé ìwé. Lóòótọ́, iná kì í ṣe àìsàn jíìnì, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1981 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń mú awọ aláìsàn fúnra rẹ̀ hù fún ẹni tí iná jó. Ẹnìkan sì ń sọ pé kò kàn wá!

Kí ìjọba dá yàrá ìmáwọhù, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń mú awọ hù, sílẹ̀ ní Sheda, níbi tí ọgbà ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n fi iná sólà gbé e ró, kí sẹ́ẹ̀lì má baà kú nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun, kí àwọn ilé ìwòsàn Kano, Zaria àti Ilorin sì máa fi awọ bíńtín ránṣẹ́, kí èyí tó ti fẹ̀ máa padà sọ́dọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ wọn, kí wọ́n fi iṣẹ́ jíìnì kún un. Kí adójútòfò ìlera máa san owó bándéèjì. Kí wọ́n sì mú àwọn tó ń po kẹrosíìnì mọ́ pẹtiróòlù.

Inú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ ni kí owó yàrá náà ti jáde.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.