Ẹ Jẹ́ Ká Kó Àkísà Wa Síta fún Àwọn Ọmọ Ẹ̀yìn Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì àti pólì tó ń ka ìwé ìròyìn yín bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ kékeré ní ẹ̀ka wa ló wọlé wá bá mi lọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ó kí mi, ó jókòó, kò sì tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi orúkọ àwọn tí wọ́n rí gíráǹtì gbà, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún ìwádìí, hàn mí. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìgbà kẹta rèé. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Mi ò wá sunkún o. Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ n rí ìwé tí ẹ fi gba tiyín ni. Mi ò rí ọ̀kan sójú rí." Ó ti bẹ àgbà mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnì kan ní òun á bá a wá a. Ẹnì kejì ní kó lọ ka ìlànà tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kẹta bi í pé ṣé iṣẹ́ òun ló fẹ́ jí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọmọ tó ti fi ọdún márùn-ún gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí a ní kó lọ kọ ìwé tí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ gbé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà lé e lọ́wọ́, kò tíì rí bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kì í jìyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ á ju aṣọ àtijọ́ fún un pé kó tú u, kó rí bí wọ́n ṣe fi ọrùn lé e, kó rí ibi tí wọ́n ti rán apá mọ́ èjìká, kó tó di pé wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí mo jẹ́. Olùkọ́ ìmọ̀ kòkòrò ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ni mò ń ṣèwádìí lé lórí, èyí tó máa ń lu ẹ̀wà níhò róbótó. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yìn ẹ̀wà ló ń lẹ ẹyin náà mọ́. Ọmọ tó bá yọ jáde nínú ẹyin á gbẹ́ ihò wọnú ẹ̀wà lọ, á jẹ ẹ́ láti inú, tó bá sì máa fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á ti di àgbà, á jáde, òun náà á tún máa yé. Ohun tó ń mú àwọn èèyàn máa da oògùn dichlorvos sí ẹ̀wà nìyẹn. Oògùn yẹn ló fà á tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa láti ọdún 2015, òun náà ni NAFDAC sì fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni iṣẹ́ mi. Ohun tí gbogbo wa ń jẹ ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tọrọ gíráǹtì orílẹ̀-èdè tí mi ò rí i gbà, kí n tó rí i gbà lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí ẹni tí kò bá mọ̀ lè mọ̀, ọ̀dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ni gíráǹtì yìí ti ń wá. Àjọ yẹn, ìjà ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ló bí i: wọ́n bá ìjọba tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lọ́dún 1992, òfin owó orí ẹ̀kọ́ sì jáde lọ́dún 1993. Òfin ọdún 2011 ló sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ báyìí. Inú èrè àwọn iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀. Náírà 2 nínú 100 ni níbẹ̀rẹ̀, ó di 2.5 lọ́dún 2021, ó di 3 lọ́dún 2023, kí òfin owó orí tuntun tó yí i padà lọ́dún 2026. Lára owó yẹn ni wọ́n ti ya bílíọ̀nù 5 náírà sọ́tọ̀ fún ìwádìí orílẹ̀-èdè lọ́dún 2019, tí wọ́n sì sọ ọ́ di bílíọ̀nù 7.5 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ra sìmẹ́ǹtì, tó ra ọṣẹ, tó ra káàdì ìpè, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú owó náà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìwé tí a fi gba owó ará ìlú kò yẹ kó di ohun tí a ń tì mọ́nú àpótí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tọrọ rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Wàá kọ́kọ́ kọ àbá kúkúrú ránṣẹ́. Tó bá wù wọ́n, wọ́n á ní kí o kọ èyí tó kún: iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, àwọn tí ẹ jọ máa ṣe é, oṣù tí ohun kọ̀ọ̀kan máa parí, àti owó tó máa lọ síbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ìyẹn náà bá yege, wàá lọ dúró níwájú àwọn àgbà láti gbèjà rẹ̀. Ẹnu ló dùn ún sọ. Nínú ṣíṣe rẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣìnà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ lọ́dún 2019 wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kòkòrò ẹ̀wà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn kòkòrò tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́ lágbàáyé. Ojú ìwé méjì àtààbọ̀ ló kọjá kí n tó dárúkọ Nàìjíríà. Mo kọ orúkọ àwọn tó ti ṣèwádìí kòkòrò náà láti ilẹ̀ Íńdíà títí dé Bùràsíìlì. Mi ò sọ ẹni tí iṣẹ́ mi máa ṣe láǹfààní, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀ pátápátá pé "àwọn àgbẹ̀ yóò jàǹfààní rẹ̀". Wọn kò mú un. Wọn kò jẹ̀bi.

Ẹ̀ẹ̀kejì, àbá kúkúrú mi yege, wọ́n ní kí n kọ èyí tó kún. Inú mi dùn, àìmọye òru ni mi ò sùn. Àṣé ó ku lẹ́tà kan tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé àwọn mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, àwọn á sì yọ̀ǹda yàrá àyẹ̀wò fún un. Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ilẹ̀kùn tì ni mo gbọ́. Mo kọ lẹ́tà náà, mo gbé e lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí tábìlì ẹnì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà. Ọjọ́ kejì tí ilẹ̀kùn tì ni wọ́n pè mí pé kí n wá gbà á. Mo gbà á lóòótọ́. Ó wà nínú fáìlì náà di òní, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rírẹwà lára rẹ̀. Ká ní mo ti rí ìwé ẹnì kan tó pé pérépéré rí ni, lẹ́tà yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ wá kí n tó kọ gbólóhùn kan.

Lẹ́yìn náà ni ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022 dé, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Kòkòrò kì í yanṣẹ́ lódì. Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìran tí mo ti ń tọ́ láti ọdún pípẹ́ á kú tán. Mo kó ìgò mẹ́rìnlélógún wá sílé, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n lẹ́nu, mo fi rọ́bà dè é, mo sì tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo ń pààrọ̀ ẹ̀wà wọn nínú ilé.

Ẹ̀wà yẹn ló gbé mi dé ọjà Bódìjà lemọ́lemọ́. Oníbàárà mi níbẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti ń ta ẹ̀wà kí n tó wọ yunifásítì. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, mo bá a níbi tó ti ń tú àpò ẹ̀wà olóyin kan tó ti kó pamọ́ láti ìgbà ẹ̀rùn pé kí ọjà wọ́n díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kẹ́mi, ẹ kọwọ́ bọ̀ ọ́." Mo kọwọ́ bọ àpò náà dé ìgbọ̀nwọ́. Ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí mo fa ọwọ́ yọ, ìyẹ̀fun ti bò mí lápá, kòkòrò ń rìn gòkè lọ sí èjìká mi. Ó bu kóńgò kan sórí atẹ́, ó fẹ́ ẹ, ìyẹ̀fun gbé lọ. Èyí tó kù kò kún kóńgò mọ́, ihò méjì, mẹ́ta ló sì wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ fún un pé mo ti rí i pé ìyẹ̀fun ìyèré àti ẹ̀ẹ́rù máa ń pa kòkòrò náà. Ìyá wò mí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi din àkàrà ńkọ́? Ṣé àkàrà rẹ̀ ò ní máa rùn bí ọbẹ̀ ìyèré? Èló sì ni ìyèré tí àpò kan máa jẹ?"

Ẹ̀yin ará, ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ka òkú kòkòrò nìyẹn. Mi ò tíì se ẹyọ ẹ̀wà kan lára rẹ̀ rí.

Àwọn ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àbá mi ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló gbé òǹkàwé lọ sídìí àpò ẹ̀wà kan ní Bódìjà nínú oṣù keje. Mo wá onímọ̀ oúnjẹ kan tó máa sè é, tó máa din ín, tó máa fún èèyàn jẹ. Mo wá onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó máa ṣírò rẹ̀ bóyá owó ìyèré kò ní ju owó ẹ̀wà tó bàjẹ́ lọ. Mo fi àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ dán wò ní Kamẹrúùnù, sínú àwọn ohun tí a máa fi wéra, torí pé ẹni tó bá mọ ọjà ẹ̀wà á béèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn ní kí gbogbo èèyàn ra àpò yẹn. Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ń ra kóńgò mẹ́wàá kò ní ẹ̀wà tó kún àpò kan láti tì pa. Ẹnu ìyá ẹlẹ́wà ni mo ti gbọ́ ìyẹn náà.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn àgbà lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ olè jíjà kì í ṣe irọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ti rí iṣẹ́ wọn lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì, mo sì mọ bó ṣe ń dun èèyàn tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ti fún ọ lówó ṣe, tí o sì ti ṣe tán, kí ló kù tí ẹnì kan máa jí níbẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń yẹ ìwé wò máa gbá ẹni tó bá dà á kọ mú kíá. Ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ rí ni bí ìwé náà ṣe dúró: ibi tí lẹ́tà wà, bí a ṣe kọ oṣù síwájú iṣẹ́, bí a ṣe ṣàlàyé owó mọ́tò lọ sí Bódìjà àti bọ̀.

Ẹ má sì fi èyí tó yege nìkan hàn wọ́n. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kó síta. Àbá mi tó kọ́kọ́ ṣubú kọ́ni ju èyí tó gòkè lọ, torí ọmọ tó bá kà á á rí gbólóhùn tirẹ̀ níbẹ̀. Kódà nínú èyí tó yege, àkísà wà. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni mo ti ṣírò owó kẹ́míkà mi, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Ìdá kan nínú mẹ́ta àyẹ̀wò tí mo kọ sílẹ̀ ni mo rí ṣe ní yàrá àyẹ̀wò tó ń wá oògùn tó ṣẹ́ kù lára ẹ̀wà. Mo ti fi bírò pupa kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yan ohun tí ó lè rà nílé tàbí kó fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò owó rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa kò ju èyí lọ: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa tó ti gba owó yìí fi ìwé rẹ̀ méjì, èyí tó yege àti èyí tó ṣubú, sí ilé ìkàwé ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀ kà á.

Èmi ti fi tèmi lélẹ̀, ìwé mẹ́ta nínú fáìlì aláwọ̀ búlúù kan. Ọmọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó dá a padà lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́tàdínlógún tó fi pẹ́ńsù kọ sínú ìwé pélébé kan. Mo dáhùn mẹ́rìndínlógún. Ẹyọ kan tó kù ni pé báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá kòkòrò tó yè nínú ìyèré kò ní máa bí ọmọ tí ìyèré kò ràn mọ́. Mo ní kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àbá kúkúrú, kó sì gbé e wá kí n kà á. Ó ti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìmọ̀ kòkòrò kan,
Ìbàdàn.