Zanzibar lásìkò tí èrò kò pọ̀: ìdí tí a fi ń mú oṣù kẹfà, tí a kì í mú oṣù kẹrin

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àtìlẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi wá pé kí ló dé tí a kì í ta ìrìnàjò Zanzibar, erékùṣù Tanzania ní ìlà oòrùn Áfíríkà, fún oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń já wálẹ̀ jù. Ìbéèrè náà tọ́. Òjò ló fà á.

Òjò méjì ni wọ́n ń rí lọ́dún níbẹ̀. Èyí tó gùn ni wọ́n ń pè ní masika. Àárín oṣù kẹta ló máa ń wọlé, oṣù kẹrin ló máa ń le jù, kì í sì í lọ tán títí oṣù karùn-ún yóò fi parí. Èyí tó kúrú ni vuli, tirẹ̀ bọ́ sí oṣù kọkànlá wọ oṣù kejìlá. Vuli jọ òjò àrọ̀kúrò tiwa: ó lè rọ̀ fún wákàtí kan láàárọ̀, kí oòrùn sì ti yọ kí ẹ tó jẹun ọ̀sán. Masika kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè rọ̀ mọ́jú, kó tún gba ojú ọjọ́ kan. Òkúta iyùn inú òkun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ Stone Town, àdúgbò àtijọ́ inú ìlú Zanzibar, òkúta yìí sì máa ń fa omi mu bí kànrìnkàn. Ògiri á tutù, aṣọ tí ẹ fọ̀ lálẹ́ àná kò ní gbẹ lọ́la. Àwọn òpópónà tóóró á di ibi ìyọ̀tẹ̀rẹ̀, omi á dúró síbi tí kò ti ríbi ṣàn lọ. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan tilẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn pa lásìkò náà kí wọ́n lè tún ilé ṣe. Owó tí ẹ rò pé ó ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, inú yàrá ni ẹ ó ti ná an.

Nítorí náà, ìgbà méjì là ń mú: láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà títí di nǹkan bí ọjọ́ 25, àti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Wọn kò rí bákan náà o. Ní oṣù kẹfà, masika ti lọ, afẹ́fẹ́ kusi ń fẹ́ láti gúúsù, ara á tutù díẹ̀, èrò oṣù keje àti ìkẹjọ kò sì tíì dé. Ìgbà yẹn ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ìlú. Ṣùgbọ́n kusi yìí kan náà máa ń ru omi ní etíkun ìlà oòrùn. Ní oṣù kọkànlá, kusi ti rọlẹ̀, kaskazi tó ń bọ̀ láti àríwá kò tíì gbérasọ. Omi á dákẹ́, á mọ́ gaara, ẹni tó fẹ́ wo ẹja lábẹ́ omi á gbádùn rẹ̀ jù. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé òjò vuli lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́wọ́ yín.

Ohun tó máa ń dun àwọn èèyàn jù kì í ṣe òjò rárá. Òkun tó fà ni. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà kò ju bíi mítà kan lọ, nítorí náà a kì í kà á sí. Ní Zanzibar, ó lè tó mítà mẹ́rin. Ní Paje, Bwejuu àti Jambiani, àwọn abúlé etíkun ìlà oòrùn, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi àpáta iyùn, omi á sì fà lọ títí tí ẹ ó fi rìn jìnnà kó tó kan orúnkún yín. Ẹni tó ti rí àwòrán omi aláwọ̀ búlúù, tó wá jí láàárọ̀ bá iyanrìn àti ewéko òkun, á rò pé a tàn òun jẹ.

Òṣùpá ni kí ẹ máa wò. Tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó di àrànmọ́jú, òkun máa ń fà pátápátá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, á sì kún ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lójoojúmọ́, ó máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, tí òṣùpá ti di ààbọ̀, ó ti yí padà: àárọ̀ ni omi ń kún, kì í sì í fà jìnnà mọ́. Ẹni tó fẹ́ máa lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ní Paje, ọ̀sẹ̀ òṣùpá ààbọ̀ ni kó mú. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé yí, Nungwi tàbí Kendwa lókè àríwá ni kó sùn. Níbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí wákàtí tí omi kò ní tó lúwẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má sá fún òkun tó fà. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin abúlé máa ń jáde lọ sí oko mwani, ewéko òkun tí wọ́n ń gbìn tà. Ẹ ó rí igi kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìlà, okùn láti orí èkíní sí èkejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa so ewéko mọ́ ọn ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ oko, ẹ má ṣe gba orí okùn kọjá, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, torí ohun dúdú roboto kan wà nínú omi tó lẹ́gùn-ún bí òòrẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ máa ń kán sínú àtẹ́lẹsẹ̀. Bí omi bá sì ti ń ṣàn padà, ẹ yíjú sílé kíá, nítorí àwọn ibi kòtò tó wà lẹ́yìn yín ló máa ń kọ́kọ́ kún.

Ní Stone Town, oorun méjì là ń fi sí i, a kò sì ní dín in kù. Ìlú tí UNESCO fi sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2000 kò ṣeé rìn ní wákàtí mẹ́ta. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ sí Mkunazini, níbi tí ọjà ẹrú wà títí wọ́n fi tì í ní ọdún 1873, tí wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lé lórí. Ẹni tó ti dé Badagry á mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó ń bá èèyàn níbẹ̀. Beit el-Ajaib, ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilé Ìyanu, apá kan rẹ̀ wó ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 2020, a kò kà á mọ́ ibi tí a ó wọ̀. Lálẹ́, ẹ lọ sí Forodhani, ọgbà etí òkun tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ: wọ́n á fi ìrèké, òróǹbó wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ pọ̀, oje rẹ̀ á máa ṣàn sínú ife níṣojú yín. Ẹran orí igi tí wọ́n ń pè ní mishkaki, ẹ̀gbọ́n súyà ni. Ẹ bèèrè iye kí wọ́n tó gbé e kaná, ẹ má sì jẹ ẹja tó ti wà lórí àtẹ láti ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó máa lẹ̀ mọ́ yín ní èbúté pé àwọn fẹ́ fi yín mọ̀nà, papasi ni orúkọ wọn, ìyẹn eégbọn. “Hapana, asante” (rárá, ẹ ṣeun) tí ẹ fi ẹ̀rín sọ ti tó.

Ẹ ṣọ́ra fún aago. Ìdájí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí ní Swahili. Bí ọlọ́kọ̀ ojú omi bá ní “saa tatu”, ìyẹn wákàtí mẹ́ta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń wí. Ẹ fi mẹ́fà kún un. Ibẹ̀ sì fi wákàtí méjì ṣáájú Nàìjíríà.

Ní ti ìwé: ẹ fi pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú nítorí físà. Abẹ́rẹ́ tó ń mú yẹ́lò káàdì wá gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, gbogbo àlejò àgbà ló ń ra ínṣọ́ránsì ìjọba Zanzibar ní dọ́là 44, bó tilẹ̀ ní òmíràn lọ́wọ́. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù di bàtà sínú àpótí. Tanzania ti fi òfin de é láti oṣù kẹfà ọdún 2019, àpò aṣọ ni kí ẹ lò. Píláàgì wọn kò yàtọ̀ sí tiwa, ẹ má ra adápútà.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ń rò ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ bóyá lúwẹ̀ẹ́ ló wù yín jù tàbí ìrìn ìlú. A ó kọ wákàtí tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn náà la ó wá mú òtẹ́ẹ̀lì.

Àwa tí a ń ṣètò ìrìnàjò yín