Irin Sítóòfù Kì í Ṣe Irin Géètì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi sítóòfù onígi mú ilé móoru ní Maine níbí sọ̀rọ̀. Nígbà tí pẹpẹ irin tí igi ń jó lé nínú tèmi sán, jórinjórin kan fi ọ̀pá lásán tí wọ́n fi ń jó géètì jó o pọ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó tún fi sán, kọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá náà gan-an. Irin tí a yọ́ dà bíi ti pẹpẹ yìí, tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ lé ní ìdá 2 nínú 100, kò fẹ́ ìkánjú: a ó kọ́kọ́ yáná fún un, a ó fi ọ̀pá onínikẹ́ẹ̀lì jó o díẹ̀díẹ̀, a ó sì bò ó mọ́ eérú gbígbẹ kí ó lè rọra tutù. Ní tèmi o, pẹpẹ tuntun ni mo padà rà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Portland, Maine